Ìwé ní ilẹ̀ náà mọ́: bí a ṣe rí kòtò ásẹ́níìkì lórí oko tí a fẹ́ sọ di àbàtà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ oko ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀ kí ẹ sì fọkàn balẹ̀. Èyí tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ nípọn, àwòrán aláwọ̀ mèremère kún inú rẹ̀, àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn kà níbẹ̀: pé kò sí ohun olóró kankan tó yẹ kó kọni lóminú lórí ilẹ̀ náà. Nítorí gbólóhùn yẹn, owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò tán kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, a sì tún fi òmíràn tó jù ú lọ lé e. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ mi ní Florida ni láti yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ọ́ di àbàtà. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Clean Water Act, ti ọdún 1972, ẹni tó bá fẹ́ da erùpẹ̀ dí irà kó lè la títì tàbí kó kọ́lé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí kò bá sí bó ṣe lè yẹra fún irà náà, wọ́n á ní kó ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi iyanrìn dí àbàtà ní Lẹ́kí á mọ̀ pé òfin tó ní kí èèyàn dá àbàtà padà kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Títì ni wọ́n fẹ́ mú fẹ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí, oko màlúù àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Gainesville ni a sì fẹ́ fi ṣe àrọ́pò.

Mi ò ní sọ nípa bí a ṣe ń ka ìwé ilẹ̀ tàbí bí a ṣe ń rìn yí oko ká. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, ìlànà E1527 tí àjọ ASTM kọ fún àyẹ̀wò ilẹ̀ sì wà, bẹ́ẹ̀ náà ni E2247 tí wọ́n ṣe fún igbó àti ilẹ̀ oko. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni àkọsílẹ̀ ìjọba. Ilé epo wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ibi ìfọṣọ wà níbẹ̀, ibi ìdàlẹ̀nù náà wà níbẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ kan gbẹ́ sí ẹ̀yìn oko rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé tí wọ́n fún wa wo àkọsílẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n bá kọ ọ́ pé ilẹ̀ mọ́. Wọ́n wá lo ojú ìwé bíi mélòó kan lórí àbàwọ́n dísù lábẹ́ táńkì kékeré kan. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀tẹ̀ náà ni kòtò ìwẹ̀ màlúù. Láti ọdún 1906 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti pa eégbọn tó ń kó ibà ran màlúù ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró kan, wọ́n á fi kọnkéré mọ ọ́n, wọ́n á da omi tó ju 1,000 gálọ́ọ̀nù lọ sí i, wọ́n á wá po ásẹ́níìkì funfun, májèlé líle, mọ́ ọn pẹ̀lú sódà àti ọ̀dà igi páìnì. Màlúù á já sínú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan, á lúwẹ̀ẹ́, á gun òkè ní ìkejì, á sì dúró síbi tí omi ara rẹ̀ á ti ro dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é, òfin ló sì fi dandan mú àwọn àgbẹ̀. Àwọn kòtò tó wà ní Florida nìkan ju 3,000 lọ, wọ́n sì ń lò wọ́n títí di nǹkan bí ọdún 1961. Ní ìgbẹ̀yìn, oògùn kòkòrò bíi DDT àti toxaphene náà wọ inú àwọn kan. Bí omi náà bá ti dọ̀tí, ẹ̀gbẹ́ kòtò ni wọ́n ń gbọ́n ọn dà sí. Ásẹ́níìkì kì í jẹrà. Ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ náà ní àkójọ àwọn kòtò yìí, mo sì rí ọ̀kan tó jẹ́ orúkọ ìdílé tó ni oko náà nígbà kan. Àmọ́ ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un kì í ṣe ojú kan pàtó, ìpín ilẹ̀ kan ni, máìlì kan níbùú, máìlì kan lóròó. 640 éékà nìyẹn! Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ tí a fẹ́ rà, apá kan jẹ́ ti aládùúgbò, igbó ti bo gbogbo rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbẹ́ ilẹ̀ wò. Lọ́yà onílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìwé ti sọ pé ilẹ̀ mọ́, kí ni a tún ń wá? Mo kọ lẹ́tà, ó ní òun á bá ẹni tó rán òun níṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo pè é, wọ́n ní ó wọ ìpàdé. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ò gbé ní Florida rí. Ó jogún oko náà ni, òun nìkan sì ni àwọn tó kọ ìwé àkọ́kọ́ bi léèrè. Ó sọ fún wọn pé òun ò mọ nǹkan kan nípa oko náà, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn ni wọ́n sọ “mi ò mọ̀” di “kò sí”.

Ohun tó tún mú inú bí mi jù ni pé lọ́yà yẹn ò ní ìdí kankan láti bẹ̀rù. Òfin Florida, abala 376.306, sọ ọ́ kedere pé ìpínlẹ̀ ò lè dá onílẹ̀ lẹ́bi nítorí oògùn eégbọn tó wà nínú kòtò bẹ́ẹ̀, torí ìjọba ló fipá mú àwọn àgbẹ̀ lò ó. Mo fi abala náà ránṣẹ́ sí i. Kò fèsì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé àyẹ̀wò tiwa tí a ti sanwó rẹ̀ ń gbó lọ, nítorí àbẹ̀wò, ìbéèrè lẹ́nu èèyàn àti àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà nínú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ kí a tó ra ilẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti tún wọn ṣe, a ó sì tún sanwó. Ẹni tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ dá wa dúró kò ná kọ́bọ̀.

Mo bá kọjú sí ohun tí kò nílò àṣẹ rẹ̀. Àwọn àwòrán tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú láti nǹkan bí ọdún 1937 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Yunifásítì Florida, ọ̀fẹ́ ni. Mo fi èyí tó pẹ́ jù wé àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní ìhà ìlà oòrùn oko náà, mo rí ọgbà ẹran tí ẹnu rẹ̀ ń tóóró lọ, ìlà kúkúrú kan ní ìparí rẹ̀, àti ilẹ̀ funfun báláú níwájú ìlà náà níbi tí pátákò màlúù ti tẹ koríko kú. Nínú àwòrán àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, igbó ti bò ó. Ìdùnnú tí mo ní lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kí bàbá kan tó ń gbé nítòsí, àgbàlagbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àlàáfíà ilé, kí n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ oko. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ibi tí màlúù ti ń wẹ̀ ni mò ń wá, pé òun máa ń tẹ̀ lé bàbá òun da màlúù lọ síbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó dúró sí ìdí wáyà tirẹ̀, ó sì nawọ́ sí ibi kan náà tí mo rí nínú àwòrán. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Bó ṣe sún mọ́ oko náà tó, àwọn tó gba owó láti kọ ìwé àkọ́kọ́ ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ bàbá dé iwájú lọ́yà, ó fún wa láṣẹ. Etí kọnkéré náà kò jìn sí ojú ilẹ̀ rárá. Táyà àti wáyà àtijọ́ ni wọ́n fi dí inú rẹ̀. A bu erùpẹ̀ láti etí kòtò lọ sí ibi tí màlúù ti ń ro omi dànù, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí Florida fi lélẹ̀ fún ásẹ́níìkì lórí ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé jẹ́ mílígírámù 2.1 nínú kílógírámù erùpẹ̀ kan. Ti ilẹ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́ 12. Etí kòtò fi ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju méjèèjì lọ.

Àwọn tó kọ ìwé àkọ́kọ́ tún wá jáde. Wọ́n ní bí èèyàn bá rìn kúrò nídìí kòtò díẹ̀, kò ju 12 mọ́, kí a kàn yọ ìdí kòtò nìkan kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mo kọ̀. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ṣe 12 yẹn fún, àwa sì fẹ́ bo ilẹ̀ náà mọ́ omi. Nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, ìpáàrà irin tó wà lára iyanrìn ló ń di ásẹ́níìkì mú. Bí omi bá bò ó pẹ́, afẹ́fẹ́ á tán níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á tú ìpáàrà náà, ásẹ́níìkì á sì bọ́ sínú omi. Irú èyí tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà náà ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì lóró jù ú lọ.

Mi ò fi ẹnu lásán jà. A bu erùpẹ̀ tí wọ́n ní kò burú yẹn sínú ìgò, a da omi kànga oko náà lé e, a dé e pa, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a wá gbé omi orí rẹ̀ lọ sí láàbù. Ásẹ́níìkì inú rẹ̀ ju máíkírógírámù 10 nínú lítà kan lọ, èyí tó jẹ́ òpin fún omi mímu ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò yẹn ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Kò wọ́n, òun ló sì pa gbogbo ẹnu mọ́.

Kì í ṣe pé mo le jù. Florida yìí kan náà ni wọ́n ti da omi sórí ilẹ̀ oko ẹ̀bá Adágún Apopka ní 1998 kí ó lè padà di àbàtà. Ẹja wá, ẹyẹ tẹ̀ lé e. Láàárín ìgbà òtútù yẹn títí wọ 1999, ẹyẹ tó ju 500 lọ kú, òfú àti àkọ̀ wà lára wọn, nítorí oògùn kòkòrò àtijọ́ bíi toxaphene, dieldrin àti DDT tó wà nínú ilẹ̀ ti wọ inú ẹja. Wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò kí wọ́n tó da omi sí i o. Mi ò lè ṣe àbàtà tí ẹyẹ á wá kú sí.

A ti àbàtà náà lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn oko, a kó kọnkéré àti erùpẹ̀ burúkú lọ sí ibi ìdàlẹ̀nù tí wọ́n tẹ́ rọ́bà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì gbẹ́ kànga ìṣọ́, tí a ó fi máa yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò, sí àárín ibi tí kòtò wà àti àbàtà náà. Yíyàwòrán iṣẹ́ náà lákọ̀tun ló jẹ owó jù. Onílẹ̀ yọ díẹ̀ fún wa nínú owó ilẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé àkọ́kọ́ ò tíì dá lẹ́tà wa lóhùn.

Nísinsìnyí, kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a lè gbẹ́ ilẹ̀ náà wò níbikíbi, nígbàkigbà, kí ọjọ́ 180 tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo máa ń wo àwòrán àtijọ́ kí n tó ka ìwé ẹnikẹ́ni. Àgbà tó dàgbà jù ládùúgbò ni mo ń kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe ẹni tó jogún oko. Ilẹ̀ tí a máa bo mọ́ omi, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi. Onílẹ̀ tí kò bá gba ti gbígbẹ́ yẹn, mi ò bá a ra ilẹ̀.