Pípààrọ̀ Ọ́ìlì Bọ́ọ̀sì Àtijọ́: Ṣé Ká Fọwọ́ Ara Wa Ṣe É Ni, àbí Ká Gbé E Lọ sí Ṣọ́ọ̀bù?

Ẹni tó ní bọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dúró ní iye tí a rọ sí i: díẹ̀ ń jò sílẹ̀, díẹ̀ ń bá èéfín jáde. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí a lè wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí á sì mọ ibi tó ń ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó tẹ́jú àti nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, bí owó tí yóò ṣẹ́kù sí i lápò kò tilẹ̀ tó nǹkan.

N kò sọ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe sáfíìsì kíákíá kò wúlò. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń kó ọ́ìlì àlòkù lọ. Ìkánjú ni ìṣòro wọn. Àwọn kan a máa fa ọ́ìlì jáde láti ojú ihò géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ìdọ̀tí tó ti dì sí ìsàlẹ̀ páànù, abọ́ irin tó gba ọ́ìlì dúró lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, a sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ dé nọ́ọ̀tì ìdí páànù, èyí tí a ń tú kí ọ́ìlì lè ṣàn jáde, bẹ́ẹ̀ ojú nọ́ọ̀tì tí a ti tú lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ogún ọdún kò lè gba irú agbára yẹn. Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí: páànù tuntun ni mo fi rà á padà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìwé ìlò ọkọ̀ náà fún irú ọ́ìlì tó ń lò àti iye lítà tó ń gbà. Nínú àmì bíi 15W-40, nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó tẹ̀lé e sì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Ọ́ìlì tó ṣàn ju èyí tí ìwé sọ lọ yóò tètè jò lára ẹ́ńjìnnì tó ti gbó.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe kí ó gbóná débi tí yóò fi jó yín lọ́wọ́. Ẹ pa á, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi nǹkan dí táyà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ga tó kí ènìyàn rá wọ abẹ́ rẹ̀ láìlo jáàkì. Bí tiyín kò bá ga tó, ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára gbé e ró, nítorí jáàkì nìkan lè yẹ̀ nígbàkígbà, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò sì ní ráyè sá.

Ẹ ṣí ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì tí a ń gbà rọ ọ́ìlì, ẹ gbé abọ́ tó lè gba gbogbo ọ́ìlì náà sábẹ́, kí ẹ sì fi sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu gẹ́lẹ́ tú u. Ẹ fi ọwọ́ parí títú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa wò ó. Bó bá funfun bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ti ń jò sínú rẹ̀. Bí èérún irin bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ pe mẹkáníìkì. Bó bá kàn dúdú lásán, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Ibi fílítà, èyí tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá tú ti àtijọ́, ẹ rí i dájú pé rọ́bà rẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí bí rọ́bà méjì bá gun ara wọn, gbogbo ọ́ìlì tuntun lè tú jáde láìpẹ́ tí ẹ bá tan ọkọ̀. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà fílítà tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà yóò fi kan ibi tó ń jókòó sí, kí ẹ wá fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kan kún un, àyàfi bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá yàtọ̀.

Ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì, ẹ dé e le níwọ̀nba, kí ẹ sì rọ ọ́ìlì tó dín díẹ̀ sí iye tí ìwé sọ. Ẹ tan ọkọ̀: iná ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa á kíá. Bó bá kú, ẹ pa ọkọ̀, ẹ wo abẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo géèjì, kí ẹ wá fi díẹ̀díẹ̀ rọ ìyókù. Kò gbọdọ̀ kọjá àmì òkè. Ẹ bu ọ́ìlì àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gbà á. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí sí ilẹ̀.

Bí ojú nọ́ọ̀tì bá ti jẹ, tàbí tí ọwọ́ yín kò dé ibi fílítà, ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Ẹ mú ọ́ìlì àti fílítà tiyín dání, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ dé nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì fa géèjì yọ wò fúnra yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.