Bí a ṣe ń kọ ojú eríàlì ilé sí òpó tẹlifíṣọ̀n láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Nígbà tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó bàjẹ́, ọkùnrin kan tí ó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ta bústà, ẹ̀rọ tí ń fi kún agbára ohun tí eríàlì bá mú, fún wọn, ó gbowó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwòrán kò yàtọ̀. Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá ni mo délé, Ojúde Ọba sì di ọ̀la. Mo gun àkàbà, mo sì rí i pé ìdí eríàlì ni wọ́n kọ sí ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ kọ sí. Mo tú nọ́ọ̀tì méjì, mo yí i, mo dì í padà. Owó bústà ti lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi wo àwọn ẹlẹ́ṣin láti orí àga wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé kí wọ́n tó ra ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí òpó tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi ń tan àwòrán ká wà.

Ìgbì tí ń gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n àti ohùn rédíò FM kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ilẹ̀ yí po. Tààrà ni ó ń lọ, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Nítorí èyí ni àwọn ìlú ńlá ṣe ń kọ́ òpó gogoro. Ti Ostankino ní Moscow, tí wọ́n parí ní 1967, ga ní mítà 540. Ní Tokyo, òpó tí wọ́n kọ́ ní 1958 ga ní mítà 333, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé alájà púpọ̀ yí i ká, wọ́n kọ́ Skytree, tí ó ga ní mítà 634, wọ́n sì ṣí i ní 2012. Bí a bá fojú dá a, òpó tí ó ga ní mítà 100 lè rí nǹkan bí kìlómítà 41. Kí ó tó lè rí ìlọ́po méjì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 400, nítorí pé ìlọ́po mẹ́rin gíga ni a fi ń ra ìlọ́po méjì ìríran.

Eríàlì wa náà ń ríran. Èyí tí ó wà ní mítà 4 ń rí nǹkan bí kìlómítà 8, èyí tí ó wà ní mítà 9 ń rí kìlómítà 12, a ó sì ro ti eríàlì mọ́ ti òpó. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn lọ́nà tààrà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 60. Bí òpó kan níbẹ̀ bá ga ní mítà 150, kìlómítà 50 ni ó ń rí. Eríàlì tí ó wà ní mítà 4 yóò mú un dé 58, kò tíì tó. Èyí tí ó wà ní mítà 9 yóò mú un dé 62, ó sì tó. Mítà márùn-ún páìpù ni ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe bústà. Lóòótọ́, bí òpó bá wà lórí òkè, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé yín bá sì wà ní àfonífojì, páìpù yín gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń darí dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ Rẹ́mọ ni. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, àríwá gan-an ni Ìbàdàn wà: bí ẹ bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, apá òsì yín ni. Bí ẹ bá lo kọ́ńpáàsì inú fóònù, Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bí dígírì 300, Èkó sì wà láàárín 230 sí 250. Láti Ṣàgámù, Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bí 315, Ìbàdàn ní nǹkan bí 25, Èkó sì wà láàárín 210 sí 230. Ẹ má ṣe dúró ti páànù tàbí páìpù irin nígbà tí ẹ bá ń wo kọ́ńpáàsì náà, nítorí irin máa ń ṣì í lọ́nà.

Eríàlì tí ó dà bí egungun ẹja ní ojú àti ìdí. Ọ̀pá tí ó gùn jù, tàbí àwọ̀n irin, ni ìdí. Ibi tí àwọn ọ̀pá kúkúrú wà ni ojú, ìyẹn ni ẹ ó kọ sí òpó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ náà dùbúlẹ̀, kí wọ́n má dúró ṣánṣán, kí eríàlì sì ga ju páànù lọ ní mítà kan ó kéré tán.

Ibi páìpù ni mo ti bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀. Kí ẹ tó gbé e dìde, ẹ wo wáyà iná tí ó wà nítòsí, kí ẹ sì rí i dájú pé bí páìpù bá ṣubú sí ibikíbi, kò ní kàn án. Bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ má ṣe tẹ àárín páànù àtijọ́. Orí ìṣó, níbi tí igi wà lábẹ́ rẹ̀, ni kí ẹ máa tẹ̀. Ẹ fi wáyà bàbà so páìpù mọ́ ọ̀pá irin tí a gbá wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ ṣì yọ wáyà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nítorí mànàmáná kò mọ ọ̀wọ̀. Kí wáyà náà tó wọlé, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ níta, kí omi lè kán síbẹ̀ dípò kí ó tọ̀ ọ́ wọ inú ilé.

Ènìyàn méjì ni ó ń yí eríàlì, ọ̀kan níta, èkejì níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi jókòó sí ẹnu fèrèsé, wọ́n ń ké pé, “Yí i díẹ̀ sí i! Ó ti ń mú! Ó tún ti lọ, dá a padà!” Ìwọ̀n ìka kan ni kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ dẹkódà ni ẹ ń lò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo ìlà tí ó ń fi bí àwòrán ṣe dára tó hàn, kì í ṣe èyí tí ó ń fi agbára nìkan hàn. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọ̀yẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù ìgbà náà lè gbé ìkànnì tí ó jìnnà wá, tí yóò sì pòórá bí oòrùn bá ti yọ, ẹ ó wá ti di eríàlì mọ́ ojú ibi tí kò tọ́.

Bí rédíò FM nìkan ni ẹ fẹ́, wáyà bàbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí a nà sí apá ọ̀tún àti apá òsì lórí pátákó, tí a sì so wáyà eríàlì mọ́ àárín wọn, tó. Ẹ gbìyànjú kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú kí ó dúró, kí ẹ mọ èyí tí ó dára jù.

Nígbà tí àwòrán bá mọ́, tí nọ́ọ̀tì sì ti le, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara eríàlì dé ara páìpù. Bí ìjì bá yí i, ẹni tí ó bá wà nílé yóò kàn dá ìlà méjèèjì padà sí ojú ara wọn.