Ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún Obìnrin Tó Ní Àrùn Ọkàn

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń tì káàkiri ara láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń pọ̀ sí i, ó sì lè fi nǹkan bí ìdajì lé lórí ti tẹ́lẹ̀. Ọkàn tó dá ṣáṣá á rù ú, ṣùgbọ́n ẹrù yìí lè wó èyí tí àìsàn ti sọ di ahẹrẹpẹ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń gba obìnrin tí ọkàn rẹ̀ di ahẹrẹpẹ lẹ́yìn ìbímọ tí kò sì tíì bọ̀ sípò, tàbí ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga, níyànjú pé kó má lóyún mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wúwo létí abiyamọ ni, àmọ́ ó tọ́ kó gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tí a ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì, títí kan abẹ́rẹ́ olóṣooṣù, ló ní èròjà ẹ́sítrójìn tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, sí onírin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èyí tí a fọkàn tán jù ni ọ̀pá tín-ín-rín, tí kò tóbi ju igi ìṣáná lọ, tí nọ́ọ̀sì ń kì bọ abẹ́ awọ apá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Implanon ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3, Jadelle fún ọdún 5, kò sì tó obìnrin 1 nínú 100 tó ń lóyún lórí rẹ̀ lọ́dún. Ẹni tó ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ní láti sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, kí wọ́n lè di ojú ibẹ̀ dáadáa. Kọ́ìlì oníbàbà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀, nítorí náà kò bá ẹni tó ń lo warfarin mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga kò sì gbọdọ̀ gba kọ́ìlì èyíkéyìí àfi ní ilé ìwòsàn ńlá, torí pé ọkàn lè ṣàdédé falẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sílé ọmọ.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan lọ sí kílíníìkì, kí ẹ sì kọ́kọ́ wí pé: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní àrùn ọkàn, oògùn tí mò ń lò nìyí.” Bí nǹkan oṣù bá fi lè pẹ́, ẹ má dúró kó di oṣù kejì, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ lọ rí dókítà yín lọ́jọ́ náà, nítorí warfarin lè ṣe ọmọ inú léṣe láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 oyún.