Fídíò Ojúde Ọba tó ń dún láìsí àwòrán

Fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin Balógun tí àbúrò mi fi fóònù ká ní Ìjẹ̀bú-Òde ń dún ketekete lórí tẹlifíṣọ̀n bàbá wa, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ má tíì ra tẹlifíṣọ̀n tuntun o! H.265, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó má bàa gba àyè púpọ̀, ni fóònù náà fi ká a. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn ò mọ̀ ju H.264 tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Àpótí Android kékeré, tó ń ka fídíò náà fúnra ẹ̀ tó sì ń fi wáyà HDMI gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ló yanjú ẹ̀. Ẹ wo ara páálí ẹ̀ bóyá wọ́n kọ H.265 sí i. 

Tó bá jẹ́ fláàṣì lẹ fẹ́ fi gbé fídíò sínú àpótí náà, fáìlì tó ju 4GB lọ ò wọ fláàṣì tó ń lo FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí fláàṣì ń gbà to fáìlì. exFAT, ọ̀nà tuntun tó ń gba fáìlì ńlá, ni mo sọ tèmi dà, lẹ́yìn tí mo ti kó ẹrù inú ẹ̀ kúrò, torí yíyí i padà máa ń pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá àpótí náà ń ka exFAT. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kà á.