Ẹ Má Tíì Pe Okonkwo ní Ọ̀dájú

Àwọn ọmọ líísè tó ń wá bá mi kàwé nírọ̀lẹ́ ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Okonkwo, olórí ẹ̀dá-ìtàn inú Things Fall Apart: “Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yìí burú o!” Ó burú lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó kọ ìyẹn nìkan sínú ìwé ìdánwò kò tíì kọ nǹkan kan. Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lè fi orin bú òǹrorò títí ilẹ̀ á fi mọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wá ìdí. Ìwé Chinua Achebe yìí, tó jáde ní 1958, tí àwa ń kà ní Faransé, kò sì fi ìdí náà pamọ́.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ba ẹ̀dá-ìtàn náà lẹ́rù. Unoka, bàbá Okonkwo, mọ fèrè fọn, ó jẹ gbèsè kiri, ó kú láìjoyè. Gbogbo ohun tí Unoka fẹ́ràn ni ọmọ rẹ̀ kórìíra, títí kan ìwà pẹ̀lẹ́. Bó bá ń na Nwoye, ọmọkùnrin tirẹ̀, Unoka ló ń rí lára ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí àárín ìwé. Apá kan fún ohun tó ń ṣe lójú èèyàn, apá kejì fún ohun tó ń ṣe níkọ̀kọ̀. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ikemefuna, ọmọ tí abúlé mìíràn fi san ẹ̀san fún ìlú Okonkwo, tí ìlú wá ní kí wọ́n pa. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà gbé lọ́dọ̀ Okonkwo, bàbá ló ń pè é. Ezeudu, àgbà ìlú kan, ti kìlọ̀ fún Okonkwo pé kó má lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn tó ń mú ọmọ náà lọ pa. Nígbà tí ẹnì kan yọ àdá sókè, Okonkwo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sàmì sí ìgbójú-sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Ìgbà tí ọmọ náà ké, tó sá tọ̀ ọ́ wá, ló wá ṣá a, kí wọ́n má bàa sọ pé ojo ni. Nígbà tó délé ńkọ́? Ọjọ́ méjì ni kò fẹnu kan oúnjẹ, ẹmu ló ń mu láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọbìnrin kan ní ṣé mò ń gbèjà apààyàn ni. Rárá o. Ikemefuna ti kú, ẹ̀rù tó ba Okonkwo kò lè jí i.

Ní ti àjọṣe, ẹ má tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Ọkùnrin tó yìnbọn sí Ekwefi ìyàwó rẹ̀ lásìkò ọdún iṣu tuntun ló fi oorun du ara rẹ̀ lóru tí Chielo, abọrẹ̀ òrìṣà, gbé Ezinma ọmọ wọn lọ sí ihò òrìṣà, tí Ekwefi sì tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ dúró díẹ̀, kí ó má bàa jọ pé àyà rẹ̀ já, ó wá mú àdá. Ìgbà kẹrin tó jáde ló tó rí Ekwefi lẹ́nu ihò. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo ẹni tó lè bá a wí tí kò ní gbaná jẹ. Obierika ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fún ìdánwò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òru ihò yẹn, torí Ikemefuna ni gbogbo kíláàsì máa kọ.