Aṣọ Oko Kì í Bá Aṣọ Ọmọ Wọ Ẹ̀rọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀mù-Àrán, Sátidé ni ọjọ́ aṣọ. Ìyá mi á pín in sílẹ̀: funfun lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, aṣọ oko bàbá wa lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú bàsíà tirẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń yan aṣọ oko fún. Tí mo bá gbo ó tán, àtẹ́lẹwọ́ mi á ti bó.

Ẹ̀rọ ti gba ìyà yẹn lọ́wọ́ wa. Ọdún 1910 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Alva Fisher ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ Bendix gbé èyí tó ń fọ̀, tó ń ṣan, tó tún ń fún aṣọ fúnra rẹ̀ jáde. Èmi fẹ́ràn oníkòtò méjì jù fún ilé tiwa, kòtò kan fún fífọ̀, èkejì fún fífún. Ẹ lè fi báàkẹ́ẹ̀tì bu omi kànga sí i, bí iná bá sì lọ láàárín, ẹ ó kó aṣọ yín jáde kí ẹ fọwọ́ parí rẹ̀. Àwọn kan tí ẹnu wọn wà níwájú á tì pa mọ́ aṣọ. (Ẹ̀rọ ló ń yí o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi sí i ṣì wà níbẹ̀, ìyá ilé náà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà.)

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀rọ ti da ìpín ìyá mi rú. Kí omi àti iná má baà ṣòfò, a ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀: ṣòkòtò tí wọ́n fi fín oògùn koríko lánàá, ìlédìí ọmọ, ìró ìyá. Oògùn inú ṣòkòtò yẹn á tú sínú omi, á sì lẹ̀ mọ́ ìyókù. Aṣọ lè mọ́ lójú kí oògùn ṣì wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fín oògùn, kó bọ́ aṣọ rẹ̀ síta kó tó wọlé, kó sì wẹ̀. Ẹ fọ aṣọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí aṣọ náà bá sùn, oògùn ń wọ inú òwú sí i ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ tú àpò, ẹ kọ́kọ́ ṣan án nínú bàsíà, kí ẹ tó fi òun nìkan sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú omi púpọ̀ àti ọṣẹ dáadáa. Bí omi gbígbóná bá wà, ó dára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀rọ lófìfo pẹ̀lú omi àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan kí aṣọ mìíràn tó wọ̀ ọ́. Oòrùn ni kí ẹ sá aṣọ oko sí. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ kànga, odò tàbí ibi tí ewúrẹ́ ti ń mu omi. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó oògùn, tí a kò tíì fi omi là, ló dà sí aṣọ lára, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ní ti omi kajú, ẹ má yọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Tó bá ti gbẹ, ó di àmì. Búláùsì mi kan ti di aṣọ kajú títí ayé. Aṣọ òfì náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹ bi àwọn ahunṣọ Ìlọrin.

Bí kòtò ìfúnṣọ bá sì ń yí, kí ọmọdé má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìbáà ku díẹ̀ kó dúró.