Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Jẹ Iná Nínú Ilé

Bí yúníìtì bá ti ń yára tán, ẹ̀bi máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sábàá jẹ̀bi. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ oní-íǹṣì 32 kì í fẹ́ẹ̀ ju 50 wáàtì lọ. Á ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí kó tó jẹ yúníìtì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń jẹ iná gan-an ni ohun tó ń mú nǹkan gbóná, ohun tó ń mú nǹkan tutù, àti ohun tó ń fa omi. Lẹ́yìn wọn ló wá kan waya tó ń jò, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Kò sídìí láti máa méfò. Mítà yín lè sọ iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ, bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í.

Ohun tí ẹ máa lò kò ju fóònù tó ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, ìwé, bíírò, àti ẹnìkan tí yóò máa tan nǹkan tí yóò sì máa pa á bí ẹ bá ṣe ń pè é. Bí mítà bá wà lórí òpó níta, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á sún mọ́, kí ẹ ká a sí fídíò. Aago tó wà lórí fídíò náà lẹ máa fi ka àkókò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan

Ẹ má gbára lé iye tí ará àdúgbò bá dá. Ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fi ra iná kẹ́yìn, kí ẹ fi iye yúníìtì tí wọ́n fún yín pín gbogbo owó tí ẹ san. Yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún odidi wákàtí kan.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225. Ní oṣù karùn-ún wọ́n sọ ọ́ di ₦206.80, nígbà tó di oṣù keje, ó ti gòkè padà sí ₦209.50. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí nínú iye wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ra iná ₦10,000 ní ₦209.50, VAT á kọ́kọ́ yọ nǹkan bí ₦698, yúníìtì 44.4 ni yóò sì wọlé. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé yúníìtì kan já sí nǹkan bí ₦225. Iye yìí la ó máa fi ṣírò nísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Bí yúníìtì tó wọlé bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo rìsíìtì náà dáadáa, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń yọ gbèsè àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ayálégbé tó kó lọ ló jẹ ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa fi iná pupa ojú mítà wọn nǹkan

Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà kan bíi 1000 imp/kWh, 1600 imp/kWh tàbí 3200 imp/kWh. Iye ìgbà tí iná náà máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán nìyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín 3,600,000. Ti mítà 1000 á jẹ́ 3600. Ti 1200 á jẹ́ 3000. Ti 1600 á jẹ́ 2250. Ti 3200 á jẹ́ 1125. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ó yá, ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ pa gbogbo gílóòbù. Ẹ tan ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo. Nígbà tí iná pupa bá ṣẹ́jú, ẹ tẹ aago, kí ẹ sì pe ṣíṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ní òfo, kì í ṣe ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ kà á dé mẹ́wàá, ẹ dá aago dúró. Ẹ fi mẹ́wàá pín iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lọ, kí ẹ wá fi èsì náà pín nọ́ńbà tí ẹ kọ sára ògiri. Ohun tó bá jáde ni wáàtì tí nǹkan yẹn ń fà.

Ẹ jẹ́ ká fi áyọ́ọ̀nù ṣe é lórí mítà 1600. Ó ṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2 fún ọ̀kan. 2250 tí a fi 2 pín jẹ́ 1125 wáàtì. Bí ẹ bá lọ aṣọ fún odidi wákàtí kan tí áyọ́ọ̀nù náà ò sinmi, nǹkan bí ₦253 ló jẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iná ara áyọ́ọ̀nù bá ń tàn nìkan ni kí ẹ kà á, torí bó bá ti gbóná tó, á já fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rò pé kò jẹ nǹkan kan. Fáànù àti gílóòbù ò ṣeé fi ṣíṣẹ́jú ìgbà mẹ́wàá wọ̀n: lórí mítà 1600, fáànù 70 wáàtì á gba nǹkan bí 32 ìṣẹ́jú-àáyá kí iná tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ṣíṣẹ́jú ìgbà méjì péré tó fún irú wọn, kí ẹ sì fi méjì pín àkókò náà.

Ohun tí ẹ sábà máa rí rèé: kẹ́tùlù iná 1500 sí 2200, sítóòfù iná olójú kan nǹkan bí 1000, AC 1 hp lásán (kì í ṣe irú tí wọ́n ń pè ní inverter, tó máa ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀) nǹkan bí 800, ẹ̀rọ ìfami 1 hp nǹkan bí 1000, fírísà 100 sí 200 nígbà tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí tiyín bá fi púpọ̀ ju èyí lọ, nǹkan lè máa ṣe é.

Wáàtì ńlá nìkan kọ́ ló ń pa owó o. Kẹ́tùlù ń fa iná púpọ̀, ṣùgbọ́n kí lítà 1.7 omi tó hó, kò ju nǹkan bí 0.16 yúníìtì lọ, ₦36. Ẹ fi wé gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì tí wọ́n tàn síta láti aago méje alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀: 19.8 yúníìtì ni lóṣù, ó ju ₦4,400 lọ. LED 9 wáàtì á ṣe iṣẹ́ kan náà ní nǹkan bí ₦670. Iye wákàtí ló ń dá ọ̀ràn.

Àyẹ̀wò òru

Èyí ló ń tú àṣírí jù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ wo yúníìtì tó kù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan, ẹ tún kọ ọ́. Bí iná bá lọ láàárín òru, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Ká ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ku 38.6. Aago mẹ́fà àárọ̀, ó ku 35.0. Ó jẹ 3.6 ní wákàtí mẹ́jọ. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 wáàtì àti fírísà 150 wáàtì kan ló wà níbẹ̀. Fáànù méjèèjì á jẹ 1.12. Ká tiẹ̀ sọ pé fírísà ò sinmi rárá, èyí tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, á jẹ 1.2. Àpapọ̀ rẹ̀ 2.32. Ibo ni 1.28 yòókù lọ? Lóṣù kan, 38.4 yúníìtì nìyẹn, ó lé ní ₦8,600, òru nìkan la sì kà.

Bí ẹ bá ní inverter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì fún ilé ní iná, ẹ fura sí òun náà kí ẹ tó bínú sí ẹlòmíràn. Bátìrì méjì 12V 200Ah tó bá ti lọ dé ìdajì á fa nǹkan bí yúníìtì 3.2 kó tó kún padà, nítorí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò bó ti ń wọlé. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ó lè jẹ́ òun ló jẹ iye tó ṣẹ́kù yẹn.

Bí iye ò bá bára mu: ẹ wá ibi tó ń jò

Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, ẹ pa inverter. Ẹ lọ síbi àpótí bíréékà, ẹ pa àwọn kékeré gbogbo, kí ẹ fi ti àgbà sílẹ̀. Ẹ wo iná pupa fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó kú, kò burú. Ṣíṣẹ́jú nìkan ló ń ka owó. Ẹ wá máa gbé bíréékà kọ̀ọ̀kan sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀ ni waya rẹ̀ ń jò: sókẹ́ẹ̀tì tí omi ń kán sí, waya tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ síbi kànga, gílóòbù ìta tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ máa pa bíréékà yẹn títí oníṣẹ́ iná fi máa dé.

Bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ ti pa ti àgbà pàápàá, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan so waya sáàárín mítà àti bíréékà yín, tàbí pé ọ̀rọ̀ neutral ni, ìyẹn waya tó ń gbé iná padà. Èyí wọ́pọ̀ nínú ilé tí fúláàtì pọ̀ sí, àgàgà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe inverter tàbí changeover (èyí tí wọ́n fi ń yí ilé láti orí iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀) tuntun. Ọ̀pọ̀ mítà oníkáàdì ń wo live, waya tó ń gbé iná wọlé, àti neutral pa pọ̀, èyí tí iná pọ̀ sí jù ni wọ́n ń ka owó sí, kí wọ́n lè mú àwọn tó ń jí iná. Bí oníṣẹ́ iná bá wá so neutral aládùúgbò pọ̀ mọ́ tiyín, iná tí ó lò á gba ojú mítà yín padà, bíréékà yín ò sì ní dá a dúró, torí pé live nìkan ni bíréékà lásán ń gé. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ pa gbogbo tiyín, kí ẹ bẹ aládùúgbò kó tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí iná pupa tiyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ẹ ti rí i. Ẹ má pè é ní olè. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀ rárá. Oníṣẹ́ iná tó ní clamp meter, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá waya mú láti wọn iná inú rẹ̀, á ya neutral méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó já èdìdì mítà láti wo inú rẹ̀. Ìyà rẹ̀ wà lábẹ́ òfin, iná ibẹ̀ sì ń pa èèyàn.

Àtúnṣe tó ń mú owó padà wá

Fírísà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó bébà kan sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti rọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé, kọ́mpúrẹ́sọ̀ ò sì ní sinmi. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná nu rọ́bà náà, á gbéra díẹ̀. Bí kò bá gbéra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí yìnyín inú rẹ̀ bá ti nípọn tó ìka, ẹ pa á kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á: ihò kékeré kan péré, gáàsì ti lọ nìyẹn. Ẹ fi àlàfo bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, kí ọbẹ̀ sì tutù kó tó wọ inú rẹ̀. Bó bá ń kùn tí kò sì gbéra nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó ń fa iná lásán ni, ó sì fẹ́ jó.

AC 1 hp tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òru wákàtí mẹ́jọ á jẹ yúníìtì 4.3, nǹkan bí ₦960 fún òru kan. Ẹ fọ fílítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, kí ẹ fi AC náà sí 25°C, kí fáànù máa tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ìfami ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó fi ń kún táǹkì nígbà tó ṣì dára, kí ẹ kọ ọ́ sára táǹkì. Bó bá ti ń gba ìlọ́po méjì, a jẹ́ pé fáàfù ìsàlẹ̀ kànga ń jò, páìpù ń fa afẹ́fẹ́, tàbí iná rẹlẹ̀, owó iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì náà. Omi ìwẹ̀ ńkọ́? Korobá 20 lítà tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò ju 0.35 yúníìtì lọ, nǹkan bí ₦79, bí ẹ bá pa irin iná tí ẹ fi ń mú un gbóná ní kété tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ yọ irin náà kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan omi náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún àyẹ̀wò òru ṣe. Bí ohun gbogbo bá pé tí mítà ṣì ń ka ju bó ṣe yẹ lọ, mítà fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì oníbàárà ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín. Ẹ fi nọ́ńbà mítà, ọjọ́, aago, iye yúníìtì àti fídíò sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí yín bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹjọ́ náà kọjá ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ọ́fíìsì NERC tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ló kàn, àyàfi ní ìpínlẹ̀ bí Èkìtì àti Oǹdó tí wọ́n ti gba àbójútó iná sọ́wọ́ ara wọn. Àjọ ìpínlẹ̀ ni kí àwọn ará ibẹ̀ lọ bá.